Lítà 4 Tí Mo Rò Pé Ó Ti Jò Dànù

Mo ti kọjá Onigbolo, mo wà lẹ́yìn ọkọ̀ àjàgbé kan tó ru sìmẹ́ǹtì lójú ọ̀nà Kétu, nígbà tí iná pupa kékeré tó wà láàárín gééjì ooru ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Agogo 2 ọ̀sán ti kọjá, oòrùn mú gidi. Abẹ́rẹ́ gééjì náà, tí kì í kúrò láàárín, ti gun òkè dé ibi tí kò dé rí. Mo yà sẹ́bàá ọ̀nà, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo sọ̀ kalẹ̀. Lábẹ́ mọ́tò, lápá ẹ̀yìn, omi ń kán tó, tó, tó sórí koríko. Omi náà pupa. Ó pupa bí àgbàrá tó máa ń gba ìgboro Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) kọjá lẹ́yìn òjò, èyí tó jẹ́ pé bó bá ta sí aṣọ funfun, kò sí ọṣẹ tó lè mú un kúrò.

Ẹ̀rọ ni mò ń tún ṣe jẹun, nítorí náà mo mọ ohun tí àwọ̀ yẹn ń wí. Ìpẹtà ni. Irin kan ti ń jẹ nù díẹ̀díẹ̀ nínú mọ́tò mi, omi sì ń kó o jáde wá hàn mí.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ni tèmi. Àjàṣẹ́ ni ilé mi, ṣùgbọ́n ìsọ̀ àwọn télọ̀ ni iṣẹ́ mi wà, láti Pobè dé Kétu, nígbà mìíràn títí dé Ṣábẹ̀. Ẹ̀rọ àtijọ́ onírin, èyí tó ní ẹsẹ̀ àti tábìlì tirẹ̀, kò ṣeé gbé sẹ́yìn zémidjan, ọ̀kadà ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe ló gbọ́dọ̀ lọ bá a nílé. Ìdí tí mo fi ra mọ́tò tó ní ibùsùn nínú nìyẹn. Volkswagen T3 ni, ọdún 1986. Tọkọtaya kan láti Jámánì ló wà á gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n sì tà á fún mi kí wọ́n tó wọ bàálù padà sílé. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, àdògán onígáàsì olójú méjì wà, ibi ìfọwọ́ wà, òrùlé rẹ̀ sì ṣeé tì sókè kí èèyàn lè nàró. Bí iṣẹ́ bá di alẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ní Kétu, n kì í wá ilé sùn sí mọ́. Mo fẹ́ràn mọ́tò yìí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ lè mọ bí ọkàn mi ṣe rí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, bí mo ti dúró tì í tí mò ń wo omi pupa.

Mo jókòó sábẹ́ igi fún wákàtí kan kí n tó fọwọ́ kan ìdérí agolo omi ẹ́ńjìnnì. Àpá kan wà lẹ́yìn ọwọ́ ọ̀tún mi tó kọ́ mi ní sùúrù yẹn. Ọdún tí mo ra mọ́tò náà ni mo ti kánjú ṣí ìdérí kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná, omi sì fò jáde bí ẹni pé ẹnì kan ló yìn ín. Ohun tó fà á ni pé ìdérí yẹn ń há omi mọ́. Omi inú ìkòkò wa ń hó ní 100°C, ṣùgbọ́n tí a bá dé omi mọ́ inú agolo tí ìfúnpá rẹ̀ fi báà 1 (òṣùwọ̀n ìfúnpá) ju ti ìta lọ, ó di nǹkan bí 120°C kó tó hó. Ìgbà tí o bá ṣí i, ìfúnpá lọ lójú kan náà, gbogbo omi tó ti kọjá 100 sì hó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá wà lókè rẹ̀ ló ń gbà á.

Nígbà tí ọwọ́ mi lè dúró lára agolo náà, mo ṣí i. Ó ti gbẹ. Ìyá àgbà kan ní ilé tó wà nítòsí gbé kẹ́ẹ̀gì omi kànga kan fún mi. Mo fẹ́ fún un ní owó, ó kọ̀. "Gbà á, ọmọ mi. Ta ló ń ta omi fún àlejò?" Mo dà á sí i, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo rọra wa mọ́tò dé Kétu. Oore ni ìyá yẹn ṣe mí, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ṣùgbọ́n omi kànga yẹn, òun àti gbogbo irú rẹ̀ tí mo ti ń dà sínú mọ́tò náà láti ọdún 2, òun gan-an ló ń bà á jẹ́.

Ní Kétu, ẹnì kan tó ń tún mọ́tò ṣe yẹ̀ ẹ́ wò fún mi. Ó di họ́ọ̀sì tó ń jò, ó sì fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé kò sí wàhálà, nítorí pé òun ti rí i pé wọ́n ti yọ tẹ́mósítáàtì rẹ̀ kúrò. Ó ní ẹni tó yọ ọ́ gbọ́n, ilẹ̀ wa gbóná jù fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti yọ ọ́ fún mi, ní garáàjì kan tí n kò ní dárúkọ, wọn ò tilẹ̀ sọ fún mi. N kò mọ̀ pé ohun kan ti kúrò níbẹ̀.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn láti ìgbà náà, ó sì ń dùn mí, nítorí pé kì í ṣe òótọ́. Ẹni tó bá ti dé Kétu ti rí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ tí wọ́n fi ń ṣọ́ ìlú. Ẹnubodè kì í wà ní ṣíṣí tọ̀sán tòru, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í sì í fọ́ ọ dànù. Oníbodè ló mọ ìgbà tó yẹ kó ṣí. Iṣẹ́ tẹ́mósítáàtì nìyẹn. Títí omi á fi gbóná dé nǹkan bí 87°C, ó ń tì, omi ń yí po nínú ẹ́ńjìnnì nìkan, kí ẹ́ńjìnnì lè tètè dé ìwọ̀n ooru tó ń bá a lára mu. Lẹ́yìn náà ló ń ṣí ọ̀nà sí rádíétọ̀, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń tu omi náà lára. Nínú ẹ́ńjìnnì púpọ̀, bó ṣe ń ṣí ọ̀nà gígùn yẹn náà ló ń dí ọ̀nà àbùjá. Yọ ọ́ kúrò, ọ̀nà àbùjá wà ní ṣíṣí títí ayé: apá kan omi gbígbóná á kàn máa yí po nínú ẹ́ńjìnnì láì dé rádíétọ̀, ọjọ́ tí o bá sì ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù ló máa hàn. Ní àárọ̀, ẹ́ńjìnnì kan náà á tutù jù, á sì máa mu epo ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà tí mo padà dé Àjàṣẹ́, mo lọ bá bàbá kan tó ń gbé lẹ́yìn ọjà Ouando. Wọ́n ti fi iṣẹ́ mọ́tò sílẹ̀, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti tú Volkswagen olómi nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ tuntun. Mo kí wọn, mo jókòó, mo ro ẹjọ́ mi. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní:

"Omi wo lò ń dà sí i?"

"Omi kànga, Bàbá. Nígbà mìíràn, omi ẹ̀rọ."

"Lítà mélòó ló ń gbà?"

"N kò kà á rí, Bàbá."

"Lọ kà á."

Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi bí nǹkan ṣe rí lábẹ́ ibi tí mo ń sùn lé. T3 tó kọ́kọ́ jáde ní 1979, afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì wọn lára, bíi ti àwọn àgbà wọn. Ìparí ọdún 1982 ni ẹ́ńjìnnì olómi tí ń lo epo bẹntiróòlù dé. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà, iwájú pátápátá ni rádíétọ̀ wà. Páìpù gígùn méjì ló gba abẹ́ mọ́tò kọjá, ọ̀kan ń gbé omi gbígbóná lọ síwájú, èkejì ń gbé èyí tó ti tutù padà. Nítorí ìrìn àjò yẹn ni omi rẹ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ń lọ sí lítà 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí ẹ́ńjìnnì náà, alumíníọ̀mù ni. Àwọn sílíńdà inú rẹ̀, irin ni, inú omi gan-an ni wọ́n sì jókòó sí. Irin àti alumíníọ̀mù nínú omi kan náà, tí kò sí nǹkan kan nínú omi náà tó ń dáàbò bò wọ́n: ọ̀kan á dípẹtà, èkejì á máa lu ihò wẹ́wẹ́. Tí ihò bá dé etí ibi tí rọ́bà ti ń dí omi láàárín orí àti ara ẹ́ńjìnnì, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò nìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa tún un ṣe fún ọ lówó kékeré. Bàbá fi ọwọ́ pa abẹ́ ẹ́ńjìnnì mi yíká, wọ́n gbọ́ òórùn ìka wọn, wọ́n ní kò tí ì dé ibẹ̀. Mo mí.

Mo kà á. Mo fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ títí di òwúrọ̀ kó lè tutù, mo gbé báfù ńlá sábẹ́ rádíétọ̀, mo tú klípù họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀. Mo ń fi ìgò omi onílítà 1 àbọ̀ bù ú jọ kí n lè mọ iye rẹ̀. Lítà 9 ló jáde. Mo lọ sẹ́yìn, mo tú bóòtù ìdáminù méjì tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Èyí tó wà lápá òsì kò da omi kankan fún ìgbà díẹ̀, àfi ìgbà tí mo fi wáyà rọra gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Lítà 3 tún jáde. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 12.

Mo bu díẹ̀ sínú ìgò gíláàsì, mo gbé e sórí fèrèsé. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti pín sí mẹ́ta: omi tó dà bíi tíì lókè, nǹkan aláwọ̀ ọsàn láàárín, àti ẹrẹ̀ dúdú nísàlẹ̀ tó nípọn tó ìka kan. Mo fi ìka ra ẹrẹ̀ náà. Ó ń họ ni lọ́wọ́ bíi yanrìn. Ohun tó ń gba inú pọ́ǹpù omi mi kọjá ní gbogbo ọjọ́ nìyẹn.

Lítà 12 nínú 16. Níbi yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe tó gba ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ mi. Mo bi ara mi pé níbo ni 4 tó kù wà, mo sì dá ara mi lóhùn kíákíá pé ó ti jò dànù lójú ọ̀nà. Ìdáhùn náà bọ́gbọ́n mu, ó tẹ́ mi lọ́rùn, n kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Tí télọ̀ bá gbé ẹ̀rọ wá fún mi tí skúrù kan kò sí lára rẹ̀, n kì í sọ pé ó ti jábọ́ sójú ọ̀nà. Mo máa ń wá a nínú ẹ̀rọ náà ni, nítorí pé inú ẹ̀rọ ló ti máa ń ṣe jàǹbá. Kò yé mi títí di òní ìdí tí n kò fi ṣe bẹ́ẹ̀ fún mọ́tò ara mi.

Mo da omi mímọ́ sí i, mo tan ẹ́ńjìnnì títí ó fi gbóná, mo pa á, mo dúró kó tutù, mo dà á nù. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, omi náà mọ́ débi tí mo fi rí ìsàlẹ̀ báfù. Inú mi dùn. Mo fi omi kún un, mo wà á lọ sí Pobè, mo padà wálé. Ní ọjọ́ kejì, mo ṣí agolo. Omi ti pupa padà.

Bàbá rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé, ẹ̀rín ẹni tí ọ̀rọ̀ kò ṣe àjèjì sí. "Ṣé o ṣí ooru rẹ̀?"

"Ooru kẹ̀, Bàbá? Ní Àjàṣẹ́?"

"Ìwọ kò nílò rẹ̀. Omi náà ńkọ́?"

Mọ́tò òtútù ni mọ́tò yìí. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé èèyàn á máa sùn nínú rẹ̀ ní ilẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́, nítorí náà wọ́n fi rádíétọ̀ kéékèèké méjì sí i tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná, ọ̀kan níwájú lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ọ̀kan lábẹ́ àga ẹ̀yìn tó ń di ibùsùn. Omi ẹ́ńjìnnì kan náà ló ń gba inú wọn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó ń ṣí, tó sì ń tì wọ́n, ilẹ̀ wa sì rèé, ta ló máa ṣí ooru? Láti ọjọ́ tí mọ́tò náà ti dé, wọ́n wà ní títì. Omi tó wà nínú wọn kò lọ, kò bọ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó ń pọ́n.

Mo gbé tìmùtìmù kúrò, mo tú pákó ibùsùn. Àpótí irin kékeré kan rèé, erùpẹ̀ Sàhárà ṣì wà lórí rẹ̀. Ọwọ́ ìṣí rẹ̀ ti gan, kò yí. Mo kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí i, mo fi í sílẹ̀ di alẹ́, mo tún kán an, mo rọra mì ín lọ, mì ín bọ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe fún àgbá ẹ̀rọ tó ti gan láti ọdún pípẹ́. Ó gbà. Mo ṣí ti iwájú náà. Nígbà tí mo tú họ́ọ̀sì wọn, ohun tó jáde kì í ṣe omi mọ́. Ó ki bí ògì bàbà, ó ń já lu báfù ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, ó ń rùn bí owó bàbà tó ti pẹ́ lọ́wọ́. Mo wọ̀n ọ́n. Lítà 3 ó lé díẹ̀. Èyí tó kù wà nínú kọ̀rọ̀ páìpù, ó sì bá omi tí mo fi fọ̀ ọ́ jáde.

Gbogbo ìgbà tí mo ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin yẹn, orísun ìdọ̀tí wà lábẹ́ ẹ̀yìn mi lórí ibùsùn.

Omi lásán kò lè mú ìpẹtà tó ti lẹ̀ kúrò. Aládùúgbò mi kan tó ń se ọṣẹ, èèyàn rere ni wọ́n, ní kí n wá gba sóòdà alágbára lọ́wọ́ àwọn, pé kò sí ìdọ̀tí tó ń dúró níwájú rẹ̀. Mo ròyìn fún Bàbá. Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n ní kí n wá àjákù ìdérí ìkòkò alumíníọ̀mù, kí n lọ sí gbangba tí iná kò sí, kí n sì ju àjákù náà sínú díẹ̀ lára sóòdà pípò. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣùà-ṣùà láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, abọ́ náà gbóná, àjákù ìdérí dúdú. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo fi igi gbé e jáde. Ó ti tín-ín-rín bíi bébà, mo sì ń rí ojú ọ̀run láti inú ihò rẹ̀. Orí ẹ́ńjìnnì mi, alumíníọ̀mù kan náà ni. Mo dá sóòdà padà fún aládùúgbò mi, mo fi àjákù náà hàn wọ́n, àwọn náà pariwo.

Ohun tí mo lò ni asíìdì sítíríìkì, ìyẹ̀fun funfun tó ń kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Mo fi gíráàmù 20 sí lítà omi kan, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ooru ní ṣíṣí fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo sì dà á nù ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, nítorí asíìdì ṣì ni, kò ní mọ ibi tí ìpẹtà parí sí. Lẹ́yìn náà mo tú rádíétọ̀ ńlá kúrò lára họ́ọ̀sì, mo rọra fi omi fọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀ gba òkè, ní òdì sí ọ̀nà tí omi ń gbà tẹ́lẹ̀, kí ìdọ̀tí lè gba ibi tó ti wọlé jáde. Ìṣàn omi kò gbọdọ̀ lágbára jù, rádíétọ̀ tó ti lé ní 30 ọdún kò fẹ́ ìjà. Mo tún fi omi ṣan gbogbo rẹ̀ títí ó fi mọ́, pẹ̀lú ooru ní ṣíṣí. Ìṣàn tó kẹ́yìn, omi tí wọ́n ń dà sí bátìrì ni mo fi ṣe é, nítorí pé omi ìṣàn ìkẹyìn kì í jáde tán. Ohun tó bá kù nínú rẹ̀ ni ìwọ àti ẹ́ńjìnnì rẹ jọ máa bá lọ.

Mo ra tẹ́mósítáàtì tuntun, mo ra ìdérí tuntun. Rọ́bà ti àtijọ́ ti sán. Nítorí ìyẹn ni agolo kejì, èyí tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn kékeré lẹ́bàá nọ́ńbà mọ́tò, fi máa ń kún nígbà tí èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún gbẹ. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, omi tó lé á sá lọ sí agolo kejì. Bó bá tutù, ìdérí ló yẹ kó jẹ́ kí omi padà. Ìdérí mi kì í jẹ́ kó padà. Èmi sì ń wo agolo kejì lójoojúmọ́, mo ń rò pé omi wà.

Ọ̀rọ̀ kúláǹtì, oògùn tí a ń pò mọ́ omi ẹ́ńjìnnì, ni mo fẹ́ tẹnu mọ́. Lọ́dọ̀ wa ní Benin, orúkọ Faransé tó wà lára ìgò rẹ̀ ni antigel, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí omi dì. Orúkọ yẹn ló ṣì wá lọ́nà. Gbogbo wa gbà pé nígbà tí omi kì í dì ní Àjàṣẹ́, owó ìnákúnàá ni. Ṣùgbọ́n oògùn ìpẹtà wà nínú ìgò kan náà, ó ń bo irin àti alumíníọ̀mù lára, ó sì ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó. Ìdá àbọ̀ kúláǹtì sí ìdá àbọ̀ omi mímọ́ ni mo lò, lítà 8 sí lítà 8. Mo kọ́kọ́ da kúláǹtì sí i kí n tó da omi, nítorí omi ìṣàn tó kù nínú páìpù. Ká ní mo ti pò wọ́n pọ̀ níta, ibẹ̀ á ti kún kí kúláǹtì mi tó wọlé tán, tirẹ̀ á sì dín. Búlúù ni mo rà, èyí tí kò ní fọ́síféètì. Ẹni tó ń tà á fẹ́ fún mi ní pupa pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé tí wọ́n bá pàdé, wọ́n á di ẹrẹ̀, àwọ̀ nìkan kò sì tó láti fi dá wọn mọ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ni kí ẹ kà.

Bí mo ṣe ń dà á, díẹ̀ ta sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ewúrẹ́ ìyá kejì ilé wa fi dé, tó na ẹnu sí i. Mo lé e. Ìyá náà jáde. "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ dà síbẹ̀ tó ń wù ú lá bẹ́ẹ̀?" Mo sọ fún wọn pé ó dùn lẹ́nu, pé májèlé ni, pé ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ewúrẹ́ ni o, ajá ni o, ọmọ ni o. Ojú wọn yí padà. Wọ́n pe àwọn ọmọ wọlé, wọ́n so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, àwọn fúnra wọn ló sì gbé garawa omi wá tí a jọ fi fọ ibẹ̀. Kúláǹtì tó ti bàjẹ́ náà kò yẹ ní gọ́tà. Inú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí ni mo ń kó tèmi sí, mo kọ májèlé sí i lára, mo sì gbé e lọ sí garáàjì tó ní dúrọ́ọ̀mù fún irú rẹ̀.

Ó ku afẹ́fẹ́. Nínú mọ́tò tí omi ti ń rìn jìnnà bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ máa ń sá pamọ́ sókè rádíétọ̀ níwájú, ibi tí afẹ́fẹ́ bá sì wà, omi kò ní kọjá. Mo fi jákì gbé iwájú mọ́tò sókè ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 40, mo fi igi gẹdú tì í nísàlẹ̀ dáadáa, n kò gbára lé jákì. Mo tú àwọ̀n iwájú, mo rí skúrù kékeré lórí rádíétọ̀, mo tú u. Ọmọ mi ọkùnrin wà nídìí wíìlì, mo ní kó tẹ epo sí i díẹ̀ kó sì dì í mú síbẹ̀. Mo ń da kúláǹtì àti omi sẹ́yìn, mo ń sáré wá síwájú. Ilẹ̀ ti ṣú, tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu mi. Fún ìgbà pípẹ́, èémí nìkan ló ń jáde níbi skúrù náà: fùú, fùú. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tu omi, ó dákẹ́, ó tu afẹ́fẹ́, ó tún tu omi. "Bàbá mi, ṣé ó ti tó?" "Kò tí ì tó." Akólòlò á pe baba, àfi kí èèyàn dúró tì í. Lójijì ó dákẹ́ ariwo, omi búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láìdáwọ́ dúró, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, kò sí ìhó kankan nínú rẹ̀. Mo dé skúrù. Mo wọ inú mọ́tò, mo ṣí ooru níwájú àti lẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́ lù mí lójú láti inú àwọn méjèèjì, ní alẹ́ Àjàṣẹ́ tí gbogbo èèyàn ń wá atẹ́gùn. Ọmọ mi ní òun ń làágùn. N kò tì í fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún.

Láti ọjọ́ náà, ní oṣooṣù ni mo ń ṣí ooru fún ìgbà díẹ̀ kí omi ibẹ̀ lè rìn. Ọdún méjì-méjì ni mo ń pààrọ̀ kúláǹtì. Bí ó bá dín díẹ̀, n kì í da omi kànga sí i mọ́: ìgò kan tí mo ti pò sílẹ̀ wà lábẹ́ àga mi.

Mo gba Onigbolo kọjá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú ẹ̀rọ méjì nínú mọ́tò. Abẹ́rẹ́ gééjì wà láàárín. Mo yà ní ilé ìyá tó fún mi lómi, mo gbé búrẹ́dì fún wọn, mo dá kẹ́ẹ̀gì wọn padà. Mo dé Kétu, mo ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì, mo sì tẹ̀ síwájú lọ sí Ṣábẹ̀, níbi tí télọ̀ kan ti ń retí mi. Alẹ́ ni mo débẹ̀, inú mọ́tò ni mo sùn. Kí n tó kúrò nílé ni mo ti fi ṣọ́ọ̀kì télọ̀, èyí tí a fi ń sàmì sí aṣọ, fa ilà kan sára agolo ẹ̀yìn níbi tí omi dé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí oòrùn ń yọ lẹ́yìn àwọn àpáta Ṣábẹ̀, mo ṣí ìlẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́bàá nọ́ńbà, mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó. Omi náà búlúù, ojú rẹ̀ sì bá ilà ṣọ́ọ̀kì dọ́gba.